Ìdí Tí Ṣúgà Inú Ẹ̀jẹ̀ Fi Ń Ga Ní Òwúrọ̀ Kí Aláìsàn Tó Jẹun

1. Ìfáárà

Ohun tí iṣẹ́ yìí dá lé ni ọ̀rọ̀ kan tí ó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwọn tí ó ní àrùn àtọ̀gbẹ àti àwọn tí ń tọ́jú wọn. Aláìsàn a jẹ oúnjẹ alẹ́ níwọ̀nba, a lo oògùn rẹ̀, a sì sùn. Kò fi ohunkóhun kan ẹnu títí ilẹ̀ fi mọ́. Síbẹ̀, bí a bá yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní òwúrọ̀, ṣúgà inú rẹ̀ lè ga ju ti alẹ́ àná lọ. Kì í ṣe ohun àjèjì kí àwọn ará ilé sọ pé ó jí oúnjẹ jẹ lóru. Iṣẹ́ yìí yóò fi hàn pé ẹ̀sùn náà lè máà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rárá, àti pé ìtumọ̀ òdì tí a bá fún èsì àyẹ̀wò òwúrọ̀ lè ṣekú pa aláìsàn.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ènìyàn díẹ̀. Ìwádìí tí ìgbìmọ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n O. O. Akinkugbe ṣe alága fún gbé jáde ní 1997 fi hàn pé ìdá 2.2 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àgbàlagbà ní Nàìjíríà ni ó ní àtọ̀gbẹ. Iye tí àwọn ìwádìí ẹ̀yìn ìgbà náà rí ju èyí lọ.

2. Orúkọ àrùn náà àti èrò tí ó ń fà

Orúkọ méjì ni ó wọ́pọ̀ fún àrùn yìí ní èdè Yorùbá: àtọ̀gbẹ àti ìtọ̀ ṣúgà. Nínú àtọ̀gbẹ, 'tọ̀' àti 'gbẹ' ni a rí: ìtọ̀ tí aláìsàn ń tọ̀ léraléra, àti ara rẹ̀ tí ń gbẹ. Ohun tí ojú rí ni orúkọ yìí ń sọ. Kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ìtọ̀ ṣúgà ní tirẹ̀ dárúkọ ṣúgà, ó sì rọrùn láti inú rẹ̀ láti rò pé ẹnu nìkan ni ṣúgà ń gbà wọ ara. Ìdí nìyí tí ìbéèrè àkọ́kọ́ fi máa ń jẹ́, 'Kí ni o jẹ?' Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọ̀nà mìíràn wà tí ṣúgà ń gbà dé inú ẹ̀jẹ̀, inú ara gan-an ni ọ̀nà náà sì wà.

3. Iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ ní òru

Ọpọlọ kì í sinmi bí a tilẹ̀ ń sùn, ṣúgà sì ni oúnjẹ rẹ̀. Ọpọlọ àgbàlagbà ń lo nǹkan bí gíráàmù 120 lójúmọ́. Ẹ̀dọ̀ ni àká rẹ̀. Nínú ṣúgà tí ó ti ara ẹ̀bà, ìkọ́kọrẹ́ tàbí ẹ̀kọ alẹ́ wá, ẹ̀dọ̀ a kó nǹkan bí gíráàmù 100 pamọ́. Bí òru ti ń jìn, a máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó sì lè ṣe ṣúgà tuntun láti inú àwọn èròjà mìíràn nínú ara.

Láti nǹkan bí aago mẹ́ta òru sí aago mẹ́jọ òwúrọ̀, ara ń múra àtijí. Àwọn èròjà tí àwọn oníṣègùn ń pè ní họ́mónù kó ipa nínú èyí: họ́mónù ìdàgbàsókè, tí ó ń jáde nígbà tí oorun bá wọra, àti kọ́tísọ́ọ̀lù, tí ó máa ń ga jù ní àsìkò tí ènìyàn ń jí. Wọ́n ń mú kí ẹ̀dọ̀ tú ṣúgà sílẹ̀, wọ́n sì ń dín agbára ínsúlínì kù. Nínú ẹni tí ara rẹ̀ dá, ínsúlínì a pọ̀ sí i díẹ̀, ohun gbogbo a sì dọ́gba. Nínú ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ, ínsúlínì kò tó, tàbí ara kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́. Ṣúgà a sì gòkè. Láti 1981 ni àwọn oníṣègùn ti fún ìgòkè yìí ní orúkọ tí ó bá 'àfẹ̀mọ́júmọ́' mu.

4. Àwọn okùnfà mìíràn

Àfẹ̀mọ́júmọ́ nìkan kọ́. Ó lè jẹ́ pé agbára oògùn alẹ́ ni ó tán kí ilẹ̀ tó mọ́. Èkejì ni èyí tí Michael Somogyi, onímọ̀ kẹ́míkà inú ara ní St. Louis ní Amẹ́ríkà, dá lábàá ní 1938: bí ínsúlínì bá pọ̀ jù lóru, ṣúgà a lọ sílẹ̀ jù, ara a sì gbèjà ara rẹ̀ nípa títú ṣúgà jáde láti inú ẹ̀dọ̀, tí yóò fi ga rékọjá ààlà ní òwúrọ̀. Àyẹ̀wò tí a ń ṣe ní gbogbo òru ti fi hàn lẹ́yìn náà pé èyí ṣọ̀wọ́n ju bí a ti rò lọ. Àmọ́ kò yẹ kí a fọwọ́ rọ́ ọ tì, nítorí ìtọ́jú rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí ti àwọn yòókù.

5. Ibi tí ewu wà

Bí aláìsàn láti Mamu bá ń lọ fún àyẹ̀wò ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Fásitì Olabisi Onabanjo ní Ṣágámù, òwúrọ̀ kùtù ni yóò gbéra láìjẹun. Bí àyẹ̀wò kan ṣoṣo yìí bá jẹ́ gbogbo ohun tí a ní, òun ni a ó fi ṣe ìdájọ́ gbogbo òru. Bí èsì náà bá ga, tí a sì fi kún oògùn alẹ́, ó lè ran ẹni tí oògùn rẹ̀ kò tó lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ṣúgà rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀ lóru ná, àfikún yìí lè fa òógùn, ara gbígbọ̀n, àlákálàá, ìdákú, àní ikú lójú oorun.

Ohun tí ó ń ya wọ́n sọ́tọ̀ ni àyẹ̀wò nǹkan bí aago mẹ́ta òru, fún òru mélòó kan, pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tí ń wọn ṣúgà láti inú ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan. Bí èsì bá wà lábẹ́ 70 mg/dl, oògùn alẹ́ ti pọ̀ jù. Bí ó bá dára ní aago mẹ́ta tí ó sì ga ní òwúrọ̀, àfẹ̀mọ́júmọ́ tàbí oògùn tí agbára rẹ̀ tán ni. Bí ó bá ti ga láti ìgbà tí aláìsàn fẹ́ sùn, oúnjẹ alẹ́ tàbí ìwọ̀n oògùn ni kí a yẹ̀ wò. Oníṣègùn ni ó yẹ kí ó yí oògùn padà, kì í ṣe aláìsàn fúnra rẹ̀.

Febi-panú kì í sì í ṣe oògùn rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi oúnjẹ òwúrọ̀ sílẹ̀ nítorí pé ṣúgà rẹ̀ ga kò dá ẹ̀dọ̀ dúró. Ẹ̀dọ̀ lè máa tú ṣúgà sílẹ̀ síbẹ̀. Bí ó bá sì ti lo oògùn kí ó tó gba oko lọ, ṣúgà rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì níbi tí kò ti sí olùrànlọ́wọ́.

6. Ìkádìí

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé ṣúgà òwúrọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí olè oúnjẹ. Ẹ̀dọ̀, họ́mónù àti oògùn ni ẹlẹ́rìí tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ pè. Bí a bá ń bi aláìsàn pé, 'Kí ni o jẹ?', kí a tún máa bi í pé, 'Èló ni ṣúgà rẹ ní aago mẹ́ta òru?' Ìbéèrè kejì yìí ni ó lè gba ẹ̀mí là.