Ta Ló Ń Gbọ́ Tẹnu Ọmọ ní Kóòtù Ìlọrin?

Ẹni tó bá jókòó láàárọ̀ kan ní kóòtù agbègbè ní Ìlọrin, irú èyí tó wà ní Centre Igboro, yóò gbọ́ ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀. Ìyá á ní òun ò ṣe mọ́, bàbá á ní kó kó ọmọ òun sílẹ̀. Gbogbo ẹni tó wá fún ẹjọ́ tirẹ̀ ló ń gbọ́ ọ. Nígbà mìíràn, ọmọ tí wọ́n ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́ náà wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn, tó ń gbọ́ bí àwọn òbí rẹ̀ ṣe ń tú àṣírí ara wọn.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2003 kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí kóòtù ẹbí wà ní ìpele ilé-ẹjọ́ gíga àti ti májísíréètì. Adájọ́ ò ní dá jókòó níbẹ̀, èèyàn méjì ni yóò bá a jókòó, ọ̀kan nínú wọn sì gbọ́dọ̀ mọ tọmọdé. Kò sáyè fún èrò ìwòran, kò sáyè fún akọ̀ròyìn, kí ọmọ sì lè sọ tinú rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Kwara tiwa náà ṣe òfin tirẹ̀ lọ́dún 2006.

Ṣùgbọ́n irú ìgbéyàwó tí òbí ṣe ló sábà ń pinnu kóòtù tí yóò dá ẹjọ́ ọmọ. Tọkọtaya tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba á lọ sí ilé-ẹjọ́ gíga, lábẹ́ òfin ọ̀ràn ìgbéyàwó ti ọdún 1970. Àwọn tí wọ́n so yìgì fún nílànà Ìsìláàmù, tí wọ́n pọ̀ lọ́dọ̀ wa, iwájú alíkálí ní kóòtù agbègbè ni wọ́n ń lọ. Ẹni tí ìdájọ́ ò bá tẹ́ lọ́rùn á gba kóòtù kòtẹ́milọ́rùn Ṣàríà lọ, torí abala 277 ìwé òfin ọdún 1999 fi ọ̀ràn alágbàtọ́ ọmọ sí ìkáwọ́ rẹ̀.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé òfin ọmọdé fẹ́ bá ẹ̀sìn jà. Lójú tèmi, ẹ̀rù yẹn ti pọ̀ jù. Nínú másíhábì Máliki, ìyẹn ẹ̀ka òfin Ìsìláàmù tí à ń tẹ̀ lé, ìyá ló kọ́kọ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí ìtọ́jú ọmọ: ọkùnrin títí yóò fi bàlágà, obìnrin títí yóò fi wọlé ọkọ. Bí ìyá bá fẹ́ ọkọ mìíràn, ìyá tó bí ìyá náà ni ipò náà sábà máa ń kàn. Bàbá ló sì ni bùkátà. Alíkálí tó bá tilẹ̀kùn kó lè gbọ́ tẹnu ọmọ, òfin Ṣàríà wo ló rú?

Ibi tí bàtà ti ń ta ìyá lẹ́sẹ̀ jù ni owó oúnjẹ. Kóòtù á pàṣẹ, bàbá á san ti oṣù méjì, ó tán. Ìyá á tún wá owó ọ̀kadà padà sí kóòtù, ọjà ọjọ́ yẹn ti lọ.

Ní ti gbígbọ́ tẹnu ọmọ, àwọn kan ti gbé ìgbésẹ̀ lókè òkun. Ní Dorset nílẹ̀ England àti àríwá Wales, lọ́dún 2022, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dán kóòtù kan wò tó kọ́kọ́ ń gba àbọ̀ nípa ipò tí ọmọ wà kí àríyànjiyàn àwọn òbí tó gbilẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ wẹ́fíà wa náà lè ṣe irú rẹ̀, bí ìjọba bá fún wọn lówó ọkọ̀.

Ní báyìí ná, ẹ̀yin òbí tí ẹjọ́ ọmọ bá gbé dé kóòtù, ẹ bẹ adájọ́ kó gbọ́ tẹnu ọmọ náà nínú yàrá iṣẹ́ adájọ́. Ẹ sì ní kí owó oúnjẹ máa gba ọwọ́ akọ̀wé kóòtù kọjá, kí ìwé rẹ̀ lè wà nílẹ̀.