Abẹ́rẹ́ Kerekere Orúnkún: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Ọmọ Ẹgbẹ́ Mọ̀

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, orúnkún ń dun púpọ̀ nínú wa. Àwọn kan ti ń bi wá léèrè bóyá kí àwọn yá owó ẹgbẹ́ fún abẹ́rẹ́ tí wọ́n ní ó ń mú kerekere hù padà. Ẹ jẹ́ kí a là á yé ara wa.

Ẹni tí ó bá ti jẹ itan adìẹ mọ kerekere: nǹkan funfun tí ó ń yọ̀, tí ó bo orí eegun ní oríkèé, tí kì í jẹ́ kí eegun máa ha eegun. Kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, bí ó bá bàjẹ́, agbára káká ni ó fi ń san.

Ní ọdún 1994, àwọn oníṣègùn ní Gothenburg, ní Sweden, ròyìn pé àwọn bu díẹ̀ nínú kerekere aláìsàn 23, àwọn sin sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ títí ó fi pọ̀, àwọn sì dá a padà sí orúnkún wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ní láti la orúnkún, kí wọ́n sì rán awọ eegun bo ojú ibẹ̀, kí sẹ́ẹ̀lì má baà ṣàn lọ.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wá hydrogel. Ògì gbígbóná a máa ṣàn. Bí ó bá tutù, a di ẹ̀kọ. Irú hydrogel kan yí èyí padà: nínú abẹ́rẹ́ tí ó tutù, ó ń ṣàn; bí ó bá kan ooru ara, a dì. Á di sẹ́ẹ̀lì mú lójú kan, oògùn inú rẹ̀ á sì máa jáde díẹ̀díẹ̀. Bí kerekere tuntun bá ti ń hù, òun náà á máa yọ́ lọ, bí pákó tí bíríkìlà ń tú lábẹ́ dẹ́kì.

Ibo ni iṣẹ́ dé? Ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà ròyìn aláìsàn 15 tí wọ́n da hydrogel sí ihò kerekere wọn, tí wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ mú un dì. Ihò náà kún ju ti àwọn mẹ́ta tí wọn kò fún lọ. Ìròyìn ayọ̀ ni, ṣùgbọ́n ènìyàn díẹ̀ ni, ihò kan nínú kerekere tí ó ṣì dára ni wọ́n sì dí. Orúnkún àgbà tí kerekere rẹ̀ ti gbó káàkiri kì í ṣe ọ̀rọ̀ ihò kan. Abẹ́rẹ́ hyaluronic acid tí wọ́n ń gún fún irú rẹ̀ lè dín ìrora kù fún àwọn kan. Kì í hu kerekere.

Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀yáwó, ẹ bi dókítà yín ní ìbéèrè méjì: kí ni ó wà nínú abẹ́rẹ́ yìí? Ṣé ihò kan ni tèmi, àbí gbogbo rẹ̀ ni ó gbó? Owó tí a fi òógùn kó jọ, ojú ni a fi ń ná an.