Bí Ray Power ṣe gba rédíò kúrò lọ́wọ́ ìjọba nìkan

Tí ènìyàn bá wọkọ̀ ní Ìkòtún, tó gba Ìdímù àti Ẹ̀gbẹ́dá já sí Ìyànà-Ìpájà, tó wá kọrí sí ọ̀nà Abẹ́òkúta, yóò kọjá Abúlé Ẹ̀gbá àti Mẹ́ìràn kó tó dé Alágbàdo. Ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ DAAR Communications wà. Ibẹ̀ náà ni rédíò aládàáni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, Ray Power 100.5 FM, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní pẹrẹu ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1994.

Kí ló mú un pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Àtìbẹ̀rẹ̀ ni ìjọba ti di rédíò mú. Nígbà tí Rediffusion dé Èkó ní 1935, àpótí kan ni wọ́n ń gbé sínú ilé, tí wáyà ń gbé ohùn BBC wá sínú rẹ̀. Onílé lè yí i sókè, ó lè yí i wálẹ̀, àmọ́ kò sí ilé-iṣẹ́ mìíràn tó lè yí i sí. Nígbà tí a gba òmìnira, ìjọba kò fẹ́ jù ú sílẹ̀, pàápàá àwọn ológun: orí rédíò ni ẹni tó bá fipá gbàjọba ti ń kéde ara rẹ̀. Kì í ṣe àwa nìkan. Ní London pàápàá, ó di oṣù Kẹwàá ọdún 1973 kí LBC àti Capital Radio tó bẹ̀rẹ̀.

Òfin ológun kejìdínlógójì ti ọdún 1992, nígbà Babangida, ló ṣílẹ̀kùn. Òun ló dá NBC, àjọ tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, sílẹ̀, tó sì gba aládàáni láyè. Raymond Dokpesi, tó dá DAAR sílẹ̀, ló wọlé. Ọmọ Agenebode ní ìpínlẹ̀ Ẹdó ni, Ìbàdàn ni wọ́n sì bí i sí ní 1951. Òwò ọkọ̀ ojú omi ló ti ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Ohun tí Ray Power kọ́kọ́ fi gba ọkàn ará Èkó ni pé kì í sùn. Ohun tó mọ́ wa lára tẹ́lẹ̀ ni pé tí òru bá jìn, wọ́n á kọ orin orílẹ̀-èdè, wọ́n á sì palẹ̀ mọ́. Ray Power ń sọ̀rọ̀, ó ń kọrin, tọ̀sán-tòru. Ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò àti awakọ̀ tó jí lọ sí gáréèjì ní aago mẹ́rin ìdájí wá rí ẹni bá wọn ṣọ́ òru. Owó ìpolówó ọjà ni rédíò aládàáni fi ń jẹun, nítorí náà ó ní láti mọ ohun tí àwọn èèyàn fẹ́ gbọ́.

Níbi orin ni iṣẹ́ rẹ̀ ti wú mi lórí jù. Orin Amẹ́ríkà ni rédíò FM fi ń dá ọ̀dọ́ lára yá lákòókò náà. Àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ Ray Power, Kenny Ogungbe àti Dayo Adeneye tí wọ́n ń pè ní D1, fi agbára rédíò ti àwọn ọmọ wa lẹ́yìn. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, wọ́n gbé orin “Sakomo” tí ẹgbẹ́ olórin Remedies kọ sáfẹ́fẹ́ títí gbogbo ìgboro fi mọ̀ ọ́n. Wọ́n dá ilé-iṣẹ́ orin Kennis Music sílẹ̀ ní 1998, níbi tí àwo àkọ́kọ́ 2face Idibia ti jáde ní 2004. Kò tọ́ lójú mi kí ẹni tó ń yan orin fún aráàlú tún máa ta orin, nítorí kò rọrùn kó má fì sí ọ̀dọ̀ tirẹ̀. Síbẹ̀, n kò rò pé orin ọ̀dọ́ tí ayé ń jó sí lónìí ìbá tètè rìn tó bẹ́ẹ̀ láìsí wọn.

Àwọn mìíràn tẹ̀lé e: Rhythm 93.7, Cool FM, àti Wazobia tó ń sọ pijin láti 2007. DAAR fúnra rẹ̀ fi Fààjì FM 106.5 kún un, tó ń sọ Yorùbá.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ ìjọba kò kúrò níbẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2019, NBC ti Ray Power àti AIT, tẹlifíṣọ̀n DAAR, pa. Ilé-ẹjọ́ ní kí wọ́n ṣí wọn lọ́jọ́ kejì. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, àjọ náà tún kéde pé òun gba ìwé àṣẹ ilé-iṣẹ́ méjìléláàádọ́ta nítorí gbèsè, Ray Power sì wà lára wọn. Ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó ló dá NBC dúró. Dokpesi kú ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún ọdún 2023. Ilé-iṣẹ́ tó dá sílẹ̀ kò tìtorí ìyẹn kógbá sílé.