Kí Lẹ́tà Má Baà Dàrú Nínú Ìwé Tí A Fi Ránṣẹ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Fọ́ǹtì àti Àṣẹ Lílò Rẹ̀

À ń rí i lemọ́lemọ́: a ó fi kọ̀ǹpútà kọ ìwé ìpè yìgì tàbí ìbéèrè ìdánwò ilé kéwú, yóò dára lójú wa, ṣùgbọ́n tó bá dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé, lẹ́tà Lárúbáwá á já kúrò lára ara wọn, àmì ohùn Yorùbá á sì di àpótí kékeré. Ọ̀rọ̀ eré kọ́ nìyí. Ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́ kì í ṣe ohun kan náà, àmì kan ṣoṣo sì lè yí ìtumọ̀ āyah Al-Kùránì padà.

Ohun tó ń fà á ni pé orúkọ fọ́ǹtì, ìyẹn àwòṣe lẹ́tà, nìkan ni fáìlì Word sábà máa ń gbé lọ. Bí kọ̀ǹpútà kejì kò bá ní fọ́ǹtì ọ̀hún, yóò fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Nínú Word orí Windows, ẹ lọ sí File, Options, Save, kí ẹ sì mú «Embed fonts in the file». Èyí tó rọrùn jù ni kí ẹ sọ ìwé náà di PDF, nítorí PDF sábà máa ń gbé lẹ́tà tí ẹ lò sínú ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n fọ́ǹtì ní olóhun. Àwọn kan kò gbà kí a fi wọ́n sínú ìwé rárá. Àwọn kan gbà fún wíwò àti títẹ̀ nìkan. Àwọn mìíràn gbà kí ẹni tí a fi ìwé ránṣẹ́ sí tún un ṣe. Kíkó fáìlì fọ́ǹtì tí a rà fún ẹlòmíràn tún yàtọ̀, ó sábà máa ń gba àṣẹ tirẹ̀.

Ẹni tí kò lówó fọ́ǹtì kò ní láti jí i lò. Amiri, tí Khaled Hosny ṣe ní àwòṣe lẹ́tà ilé ìtẹ̀wé Būlāq ní Cairo, dára fún Lárúbáwá. Charis SIL àti Gentium gba àmì Yorùbá dáadáa. Abẹ́ SIL Open Font License ni gbogbo wọn wà: ọ̀fẹ́ ni, a lè fi wọ́n sínú ìwé, a sì lè pín wọn, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ ta fọ́ǹtì náà ní òun nìkan.

Àdéhùn ni irú àṣẹ báyìí, ìbẹ̀rẹ̀ Sūratul-Mā'idah sì pa wá láṣẹ láti mú àdéhùn ṣẹ. Ẹ kà á kí ẹ tó lo fọ́ǹtì, kí ẹ sì yẹ PDF yín wò lórí fóònù ẹlòmíràn kí ẹ tó sanwó ìtẹ̀wé.