Èébì Tó Ń Dé Kí Oògùn Tó Dé

Nínú gbogbo ìròyìn tó ń jáde nípa àwọn ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ tí ìjọba àpapọ̀ ń gbé kalẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ló ń ṣáájú: èyí tó dé sí Benin, èyí tó wà fún Enugu. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ti Sẹ̀kọ̀nà gba Ẹdúnàbọ̀n lọ gba kímò, ìyẹn oògùn jẹjẹrẹ, ní ilé ìwòsàn OAUTHC, Ilé-Ifẹ̀, ohun tó ń rò yàtọ̀. Báwo lòun ṣe máa fara da èébì nínú ọkọ̀ akérò bóun bá ń padà bọ̀?

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ṣe ni oògùn náà ba inú jẹ́, tí inú sì ń dà á padà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n fà sí iṣan ẹ̀jẹ̀ kò tilẹ̀ gba ọ̀nà ọ̀fun. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan lára ìfun ló ń fara gbá a, tí wọ́n á tú èròjà serotonin jáde, tí serotonin á sì ta iṣan ìmọ̀lára tó ń jẹ́ vagus jí. Láti inú ikùn ni vagus ti gùn dé ìsàlẹ̀ ọpọlọ, ìròyìn tó ń gbé lọ sókè sì pọ̀ ju àṣẹ tó ń gbé bọ̀ wálẹ̀ lọ. Ọpọlọ ló ń pàṣẹ kéèyàn bì. Ojú ibi tí serotonin ti ń kan vagus ni oògùn èébì tó ń jẹ́ ondansetron, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà ní 1991, ń dí. Láìsí oògùn èébì kankan, ó lé ní 90 nínú 100 ẹni tó gba cisplatin, ọ̀kan lára oògùn kímò, tó ń bì.

Èébì ọjọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Ti ọjọ́ kejì sí ìkẹta ní èròjà àti oògùn tirẹ̀. Òmíràn wà tó jẹ́ pé òun gan-an ni wọ́n máa ń ṣì lóye. Bí kímò bá ti di ẹlẹ́ẹ̀kẹta tàbí ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, àwọn kan á gbóòórùn Izal lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, èébì á ti máa gbé wọn. Ẹnikẹ́ni ò tíì so dírípù kọ́ o. Ará ilé á ní ìbẹ̀rù ni, tàbí àṣejù. Ẹ̀sùn yẹn kò tọ́ sí wọn. Ewúrẹ́ tó bá gbọ́ ìró ọ̀bẹ lára iṣu á ti sáré dé kí èèpo tó bọ́ sílẹ̀. Ara èèyàn náà ń kọ́ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, kì í sì í gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ajá ni Ivan Pavlov ará Rọ́ṣíà fi ṣàlàyé rẹ̀ ní tirẹ̀. Òórùn, bẹ́ẹ̀dì, ohùn nọ́ọ̀sì: gbogbo ohun tó bá èébì àkọ́kọ́ pàdé lara ti so pọ̀ mọ́ ọn.

Ondansetron kì í fi bẹ́ẹ̀ ran èyí, torí pé ìfun kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ibí ni ọ̀rọ̀ dídẹ ara àti mímí ti wọlé. Ní 1982, olùwádìí Gary Morrow àti akẹgbẹ́ rẹ̀ kan kọ ìwádìí wọn lórí aláìsàn 60 tí irú èébì yìí ń dà láàmú sínú New England Journal of Medicine. Wọ́n kọ́ apá kan nínú wọn bí a ṣe ń dẹ ara, kí wọ́n sì máa fojú inú wo ilé ìwòsàn díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ara ṣì dẹ̀. Èébì wọn rọlẹ̀ ju ti àwọn tí wọ́n kàn bá sọ̀rọ̀ lásán lọ.

Èyí tó tún wú mi lórí kì í tilẹ̀ ṣe ti jẹjẹrẹ. Agbẹ̀du máa ń fún pọ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹta ní ìṣẹ́jú kan. Bí òòyì ìrìnàjò bá dé, eré rẹ̀ á yàtọ̀. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 1999, wọ́n mú àwọn tí ara wọn le, wọ́n jẹ́ kí ìlà tó ń yí po kọ́ òòyì sí wọn lójú. Agbẹ̀du àwọn tó ń mí wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kò dà rú bíi ti àwọn yòókù. Èrò ọkọ̀ Sẹ̀kọ̀nà, ẹ gbọ́.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: ọwọ́ á wà lórí ikùn, èèyàn á mí sínú láti imú títí ikùn á fi gbé ọwọ́ sókè, á wá tú u síta jẹ́jẹ́ láti ẹnu, kí títú pẹ́ ju fífà lọ. Bí ẹ̀ẹ̀mẹfà ní ìṣẹ́jú kan tó. Àgbàlagbà tó jókòó jẹ́jẹ́ máa ń mí tó 12 sí 20. Kò gbọ́dọ̀ yára, torí mímí kíákíá á kọ́ òòyì síni lójú.

Mi ò ní sọ pé mímí nìkan ló ṣe gbogbo iṣẹ́ yẹn. Àwọn ìwádìí tó wà láàárín àwọn tó ń gba kímò kéré, ọ̀pọ̀ ló sì da mímí pọ̀ mọ́ dídẹ ara. Síbẹ̀, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, lójú tèmi ó yẹ kí nọ́ọ̀sì kọ́ aláìsàn kí kímò àkọ́kọ́ tó wọlé, nígbà tí ara kò tíì kọ́ ẹ̀kọ́ burúkú yẹn. Kò sì gba ipò ondansetron o. Ẹni tí omi ò bá dúró nínú rẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e padà sí.