Ìmọ́tótó Afẹ́fẹ́ inú Ẹ̀rọ tí a fi ń Ka Ìtànṣán

Ẹni tí ó bá ti Ìkàrẹ́ ń lọ sí Ìwàrò-Ọ̀kà yóò gba Àkùngbá kọjá, níbi tí Yunifásítì Adékúnlé Ajásin wà, yóò sì rí òkè olókùúta ní ọ̀tún àti ní òsì. Òkúta wọ̀nyí kò dákẹ́ bí a ti rò: ìwọ̀nba uranium, thorium àti potassium tí ń bẹ nínú irú wọn ń ta ìtànṣán tí ojú kò lè rí. Lára ohun tí a fi ń kà á ni ẹ̀rọ tí Geiger àti Müller ṣe ní Jámánì ní ọdún 1928.

Ọ̀pá oníhò ni ẹ̀rọ náà. Wáyà tín-ínrín wà ní àárín rẹ̀, afẹ́fẹ́ bí argon sì kún inú rẹ̀. Bí ìtànṣán bá wọlé, yóò já ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò lára afẹ́fẹ́ náà. Iná mànàmáná yóò fa ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù yìí sọ́dọ̀ wáyà. Bí ó ti ń sáré ni yóò máa já òmíràn, títí wọn yóò fi di ọ̀kẹ́ àìmọye. Agbo wọn ni ẹ̀rọ ń gbọ́.

Ọ̀tá iṣẹ́ yìí ni ọ́síjìn. Òun ni ó gbé ẹ̀mí wa ró, ṣùgbọ́n olè ni níhìn-ín: yóò dì mọ́ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, yóò sì sọ ọ́ di ẹrù wíwúwo tí kò lè sáré mọ́. Nínú ẹ̀rọ ALICE tí ó wà ní CERN, nítòsí Geneva, níbi tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ti lè rin mítà 2.5, ọ́síjìn tí ó jẹ́ apá 10 péré nínú apá 1,000,000 kì í ṣe ohun àfojúkéré.

Báwo ni ó ṣe ń wọlé? Ojú tí ń jò, àtè tí kò gbẹ, àti ọ̀pá oníke tí ń jẹ́ kí ọ̀rinrin là á kọjá ni ọ̀nà rẹ̀. Oru òróró pẹ̀lú a máa lẹ̀ mọ́ wáyà, a sì bà á jẹ́. Aláṣọ funfun kì í jókòó sí ìsọ̀ elépo. Nítorí náà ni àwọn oníṣẹ́ ṣe ń fa afẹ́fẹ́ àtijọ́ jáde, tí wọ́n ń lo ọ̀pá onírin, tí wọ́n sì ń gba argon kọjá lára bàbà tí ń gbé ọ́síjìn mì.

Ewu ibẹ̀ ni pé ẹ̀rọ tí ó bàjẹ́ lè dákẹ́ níwájú òkúta tí ń ta ìtànṣán, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òkúta náà dára fún ilé kíkọ́. Ẹni tí yóò gbé ẹ̀rọ gun òkè Àkókó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ohun tí a ti mọ iye ìtànṣán rẹ̀ dán an wò. Bí iye náà kò bá pé, ẹ̀rọ ni kí ó tún ṣe, kí ó tó gba òkúta gbọ́.