Kí Ni Wọ́n Fi Ìka Yín Ṣe?

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ìyá kan nínú ìjọ wa ní Bàrígà ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ata ni ìyá náà ń tà. Ọmọkùnrin kan gbé ẹ̀rọ wá sí ìdí àtẹ rẹ̀, ó ní òun yóò bá a forúkọ síìmù rẹ̀ sílẹ̀. Màmá tẹ ìka. Ọmọ náà ní, "Ẹ tún un tẹ̀, mà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò gbé e." Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ó tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, àwọn ọlọ́pàá wá bi í léèrè nọ́ńbà kan tí wọ́n fi lu ènìyàn ní jìbìtì. Kò mọ nọ́ńbà náà rí, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ ni wọ́n fi gbà á. Èmi àti alàgbà kan ni a tẹ̀ lé e lọ sí àgọ́ wọn kí Ọlọ́run tó yọ ọ́.

Nígbà tí a wà lọ́mọdé, ọdẹ tí ó ní ìbọn ni a mọ̀ pé ó ń gbàwé àṣẹ. Òfin ìbọn ti ọdún 1959 ni ó wí bẹ́ẹ̀, ó sì tọ́, nítorí ìbọn ń pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2011, àwa tí a ní tẹlifóònù lásán náà ti ń tẹ ìka. Ní 2014, báńkì gbé BVN dé. Ní December 2020, ìjọba ní kí gbogbo wa so NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ oní-díjíìtì 11, mọ́ síìmù wa.

Àwọn kan sáré wá bi mí bóyá àmì ẹranko inú Ìfihàn orí 13 nìyí. Rárá o. Jósẹ́fù àti Màríà náà lọ forúkọ sílẹ̀ nígbà tí Késárì pàṣẹ. Ìjọba ń wá ajínigbé àti gbájúẹ̀, ìyẹn kò burú.

Ohun tí ń kọ mí lóminú yàtọ̀. Bí olè bá jí kọ́kọ́rọ́ yín, ẹ ó pààrọ̀ àgádágodo. Bí ẹnì kan bá mọ nọ́ńbà àṣírí káàdì báńkì yín, ẹ ó yí i padà. Ìka ńkọ́? Mẹ́wàá péré ni Ọlọ́run fún wa.

Wọ́n á ní ẹni tí kò ṣe ibi kò ní ohun tí yóò fi pamọ́. N kò gbà. Nínú ilé tí ìdílé mẹ́jọ ti ń lo balùwẹ̀ kan, ẹni tí ń wẹ̀ kò jalè, síbẹ̀ ó ti ilẹ̀kùn. Òfin pàápàá mọ èyí: abala 37 ìwé òfin ọdún 1999 dáàbò bo àṣírí ilé wa, lẹ́tà wa àti ọ̀rọ̀ orí tẹlifóònù wa. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti June 2023 sì fún wa láyè láti béèrè ohun tí wọ́n ń fi ìsọfúnni wa ṣe.

Ẹ béèrè o. Bí ẹ bá ṣe fọ́tókọ́pì NIN yín lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé wa ní Ṣómólú, ẹ gba èyí tí ó bàjẹ́ padà. Mo ti ra ẹ̀pà níbẹ̀ rí tí wọ́n fi fọ́ọ̀mù ẹnì kan wé e, tòun ti fọ́tò àti ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gba owó táṣẹ́rẹ́ láti fi ìka yín forúkọ síìmù fún ẹni tí ẹ kò mọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jáwọ́.

Màmá ṣì ń ta ata. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ẹ̀rọ dé ìdí àtẹ rẹ̀ báyìí, á ní kó máa lọ, ọ́fíìsì wọn lòun yóò lọ.